Bí a ṣe ń lọ gbọ́ dùùrù onípáìpù ní Marina láti Badagry

Bí ẹ bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Badagry, ohùn dùùrù tí ẹ mọ̀ ni èyí tó ń jáde láti inú kíbọ́ọ̀dù: a tẹ bọ́tìnì kan, spíkà gbé e. Èmi náà ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lórin ní Yorùbá àti ní Ẹ̀gùn, mi ò sì ní bẹnu àtẹ́ lu ohun tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ó ń dùn mí pé akọrin lè dàgbà, kó di ìyá àwọn akọrin, kó má tíì jókòó rí níbi tí dùùrù onípáìpù gidi ti ń dún. Èyí tí a lè lọ gbọ́ ká sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà wà ní Kàtídírà Church of Christ, ní Marina l'Ékòó. Bí a ṣe ń lọ ni mo fẹ́ sọ, ibi tó yẹ ká jókòó sí, àti ohun tó yẹ ká fetí sí, torí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá lè jókòó síbẹ̀ fún odindi ìsìn kó má gbọ́ ju ariwo dídùn lọ.

Àwọn ọmọ kọ́áyà máa ń sọ fún mi pé àwọn ti gbọ́ ọ lórí fóònù. Wọn ò tíì gbọ́ ọ. Páìpù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16 máa ń mi afẹ́fẹ́ bí ìgbà 33 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Spíkà kékeré inú fóònù kò lágbára láti gbé ohùn tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde, nítorí náà òkè orin nìkan ló ń dé etí yín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sọ nù lójú ọ̀nà. Nínú ilé tí dùùrù náà wà, ara àga tí ẹ jókòó lé lẹ ti máa kọ́kọ́ mọ ohùn yẹn, kí etí tó mọ̀ ọ́n. Ilé náà fúnra rẹ̀ wà lára ohun èlò orin yìí. Òrùlé gíga àti ògiri líle ló ń gba ohùn náà, tí wọ́n ń jù ú síra wọn, tó fi jẹ́ pé nígbà tí atẹdùùrù bá gbé ọwọ́ kúrò, orin kò tíì tán.

Ọjọ́ tó dára láti lọ

Bí ẹ bá lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday, ẹ lè rí ilé náà, ẹ lè gbàdúrà, ẹ sì lè wo ohun ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dùùrù lè má dún rárá. Ìsìn àárọ̀ Sunday ló dá yín lójú jù. Bí wọ́n bá kéde kọ́ńsáàtì dùùrù, ìyẹn tún dára ju ìsìn lọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ dùùrù nìkan, torí atẹdùùrù á lo àwọn ohùn tí kì í lò nígbà tó bá ń gbé orin fún ìjọ. Ní December, ìsìn Ẹ̀kọ́ Mẹ́sàn-án àti orin Kérésìmesì máa ń kún gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ àga gidi lọ́jọ́ yẹn gbọ́dọ̀ tètè dé.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ pe ọ́fíìsì kàtídírà, kí ẹ béèrè nǹkan méjì: aago tí ìsìn bẹ̀rẹ̀, àti bóyá dùùrù onípáìpù ni wọ́n máa lò lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì. Dùùrù ńlá máa ń nílò àtúnṣe, níbikíbi tó bá wà láyé, wọ́n sì lè máa fi dùùrù oníná gbé ìsìn nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lára rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ sún ọjọ́ síwájú.

Ọ̀nà

Láti Roundabout Badagry, ọkọ̀ Mile 2 lẹ máa wọ̀. Ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Àgbárá tàbí Ìyànà-Ìbà nìkan pẹ̀lú èrò pé ẹ máa rí òmíràn níwájú. Ní àárọ̀ Sunday, ọkọ̀ tó bá tó ibẹ̀ ti kún. Gbogbo wa la mọ ojú ọ̀nà náà, a mọ àwọn ibi tí kọ́sítọ́ọ̀mù àti ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró, nítorí náà ẹ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání.

Ní Mile 2, ẹ gun òkè lọ sí tẹ́ṣàn ọkọ̀ ojú irin Blue Line, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní September 4, 2023. Káàdì Cowry ni wọ́n ń lò, wọn kì í gba owó lójú géètì. Ẹ ra káàdì, ẹ fi owó tó máa gbé yín lọ tó sì máa gbé yín bọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ má bàa tò ní ìlà lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ṣàn márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà: Mile 2, Suru-Alaba, Orílé-Ìgánmú, National Theatre, àti Marina. Kí ọkọ̀ tó dé Marina, orí ọ̀sà ló máa gbà. Ètò ọjọ́ Sunday lè yàtọ̀ sí ti àárín ọ̀sẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ Saturday. Bí kò bá sí ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí CMS, àdúgbò kàtídírà ní Marina, wà ní Mile 2.

Ní Marina, ẹ béèrè Kàtídírà CMS lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) tí wọ́n ń fi pe àdúgbò yẹn, àwọn náà ló kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí Marina tiwa ní Badagry níhìn-ín, tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1845. Ọdún yẹn náà ni Crowther gúnlẹ̀ sí Badagry pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì Townsend àti Gollmer. Mo máa ń rán àwọn ọmọ kọ́áyà létí èyí kí a tó wọlé, torí mo ti rí i pé ọmọ Badagry a máa rìn bí àlejò tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ibẹ̀. Ọdọ̀ wa ni orin náà gbà wọ orílẹ̀-èdè yìí. Lábẹ́ igi Àgíà ní Badagry ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti wàásù ní 1842.

Ilé tí ẹ máa rí ní Marina kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Ní 1867 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ti àkọ́kọ́ lélẹ̀. Ti ìsinsìnyí, ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó padà di Edward VIII ló fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní April 21, 1925, wọn ò sì parí rẹ̀ títí di 1946.

Ibi tí ẹ máa jókòó

Ẹ wọlé ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Ẹ kí vẹ́jà (ẹni tó ń bójú tó ètò inú kàtídírà) tàbí ẹni tó ń fi àga han èrò, kí ẹ sọ fún un pé orin lẹ bá wá, láti Badagry. Inú wọn máa ń dùn sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe jókòó sí abẹ́ páìpù gan-an, torí ẹ̀gbẹ́ kan ohùn nìkan lẹ máa gbọ́ níbẹ̀, àwọn páìpù kéékèèké á sì máa gún yín létí. Ẹ má sì ṣe lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ìró ti ń wọnú ara wọn. Àárín ilé, tàbí kí ẹ fi díẹ̀ kọjá àárín sí ẹ̀yìn, ni mo máa ń kó àwọn ọmọ sí. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ jọ̀ọ́, gèlè tó mọníwọ̀n. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn yín fẹ́ rí ọwọ́ olùdarí akọrin.

Pa fóònù. Ẹ má ṣe gba orin náà sílẹ̀, mo ti sọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa fetí sí

Kí ohùn àkọ́kọ́ tó jáde, afẹ́fẹ́ ni. Bí ilé bá ṣì dákẹ́, tí ẹ sì wà nítòsí, ẹ lè gbọ́ nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà: ìró kan tó rọra ń wú, tó wá dúró sójú kan. Ẹ̀rọ yẹn ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹwìrì ńlá, ẹwìrì sì ń mú kí agbára atẹ́gùn náà dúró déédéé, yálà páìpù kan ló ń dún tàbí igba. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ. Ọmọkùnrin kan á wà lẹ́yìn dùùrù tí á máa tẹ ẹwìrì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé ìparí.

Fèrè ni páìpù. Púpọ̀ nínú wọn ní ẹnu kan nísàlẹ̀, bí fèrè tí àwọn ọmọdé ń fọn: afẹ́fẹ́ gba ojú ihò tóóró jáde, ó lu ètè páìpù, ohùn jáde. Irú kejì ní ahọ́n idẹ tín-ín-rín nínú, tó ń gbọ̀n nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Àwọn yẹn ló ń dún bíi kàkàkí, tí irun ara fi ń dìde. Páìpù kan kò lè dún ju ohùn kan lọ. Nítorí náà, fún oríṣi ohùn kọ̀ọ̀kan, páìpù kan gbọ́dọ̀ wà fún kíì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló fà á tí páìpù fi ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà níwájú tí ẹ ń rí, díẹ̀ lára wọn ni. Èyí tó pọ̀ jù fara pamọ́ sẹ́yìn, àwọn kan kò sì gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Bí wọ́n bá gbà yín láyè láti sún mọ́ ibi tí atẹdùùrù ń jókòó, ẹ wo àwọn ọwọ́ kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù, tó ń fà jáde tó sì ń tì wọlé. Orúkọ ohùn àti nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: 16, 8, 4, 2. Nọ́ńbà 8 ni ohùn tó bá ohùn ènìyàn mu, a sì ń pè é bẹ́ẹ̀ torí páìpù rẹ̀ tó gùn jù tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Nọ́ńbà 4 ń dún ní òkè rẹ̀ ní odindi àkàbà kan (láti dò dé dò tó kàn), 2 tún lọ sókè sí i, 16 wà nísàlẹ̀. Ìka kan ṣoṣo lórí kíì kan lè mú gbogbo wọn dún pọ̀, tí atẹdùùrù bá ti fà wọ́n jáde. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ náà. Kíbọ́ọ̀dù mìíràn wà nílẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, bàtà tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń wọ̀. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀ bí wọ́n bá ti rí ìyẹn.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe nìyí nígbà tí ìjọ bá ń kọrin inú ìwé. Ní ẹsẹ àkọ́kọ́, kí wọ́n kọrin bí gbogbo ènìyàn. Ní ẹsẹ kejì, kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n wá ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ní ẹsẹ kẹta, kí wọ́n gbọ́ bóyá atẹdùùrù ti yí ohùn padà, torí bí ọ̀rọ̀ orin bá ń sọ nípa ìpọ́njú tàbí ikú, atẹdùùrù tó mọṣẹ́ á yọ àwọn ohùn dídán kúrò. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dúró de ẹsẹ ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti kọ́kọ́ mọ̀ pé dùùrù lè gbé ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ́wọ́, tí ẹni kankan kò ní nílò máíkì.

Bí ìsìn bá parí, ẹ má dìde. Orin tí atẹdùùrù ń tẹ̀ nígbà tí ìjọ ń jáde ni ó sábà máa ń fi gbogbo agbára dùùrù náà ṣe, ìgbà yẹn náà sì ni àwọn ènìyàn ń kíra wọn, tí wọ́n ń wá bàtà ọmọ. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ tán.

Iná lè lọ. Nígbà náà, ohùn dùùrù kì í gé bí ti rédíò. Atẹ́gùn inú ẹwìrì á máa tán lọ, ohùn náà á wálẹ̀, á máa rọ, lẹ́yìn náà á kú. Bí kọ́áyà bá ń kọrin lọ láìdúró títí jẹnẹrétọ̀ fi gbé e, ẹ ti rí ẹ̀kọ́ tí owó kò lè rà. Ojú ọjọ́ náà ń bá dùùrù jà. Bí ooru bá mú, ohùn páìpù onífèrè á gòkè, ti ahọ́n idẹ kò sì ní bá a gòkè dọ́gba, nítorí náà àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn. Ọyẹ́ ń mú kí pákó fà, kí awọ ẹwìrì sì gbẹ. Ẹ wá fi iyọ̀ tó wà nínú atẹ́gùn etí omi Marina kún un. Ẹni tó bá ń sọ pé owó ìtọ́jú dùùrù pọ̀ jù fún ìjọ, mi ò bá a jiyàn lórí iye rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kíbọ́ọ̀dù lè dípò rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àpótí owó fún dùùrù, ẹ fi nǹkan sí i.

Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ṣáájú

Ẹ má ṣe dé ibẹ̀ láìmọ orúkọ Thomas Ekundayo Phillips. Wọ́n bí i ní 1884, ó kọ́ṣẹ́ orin ní London, ó sì di atẹdùùrù àti olórí orin ní kàtídírà yìí láti 1914 títí di 1962. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún un sí jù ni pé ó rí àìsàn tó wà nínú ìwé orin wa: wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá, wọ́n wá kó ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí, tí ohùn orin ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀, tí ìtumọ̀ fi ń dàrú lẹ́nu ìjọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tó ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ orin tuntun fún kọ́áyà yín ní Badagry, ní Yorùbá tàbí ní Ẹ̀gùn tí òun náà ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, iṣẹ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Abẹ́ Phillips ni Fela Sowande, ọmọ tí wọ́n bí ní 1905, ti kọrin nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó padà gba oyè gíga jù lọ ti àwọn atẹdùùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1943, ó sì kọ àwọn orin dùùrù tó dá lórí orin Yorùbá. "Oyigiyigi" wà lára wọn. Ayo Bankole, tó kú ní 1976, tún tẹ̀ lé wọn. Bí ẹ bá rí orúkọ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí lórí ètò ìsìn, ẹ tún ara yín tò lórí àga.

Bí ẹ bá fẹ́ bá atẹdùùrù sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kó parí, kó sì pa ẹ̀rọ. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ vẹ́jà kí ẹ tó gòkè lọ bá a. "Ẹ kú iṣẹ́, sà" tàbí "Ẹ kú iṣẹ́, mà" ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá. Ọwọ́ ọmọ kò gbọ́dọ̀ kan ohunkóhun, títí tí wọ́n á fi ní kó fọwọ́ kàn án. Ẹ mú ìbéèrè kan tó ní orí tó ní ìdí lọ, bíi "Ohùn wo lẹ fi kún un ní ẹsẹ tó kẹ́yìn?" Atẹdùùrù tí wọ́n bá bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè jókòó padà, kó tan ẹ̀rọ, kó sì fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan fún yín.

Theatre lójú ọ̀nà ilé

Bí àkókò bá wà, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní tẹ́ṣàn National Theatre ní Ìgánmú. Wọ́n parí gbọ̀ngàn yẹn ní 1976 fún FESTAC 77 (àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú), àwọn ará Bulgaria ló kọ́ ọ, ó sì gba 5,000 èrò nínú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òrùlé ń jò, títí ìgbìmọ̀ àwọn báńkì fi kó owó tún un ṣe. Ní 2024, nígbà tí Wole Soyinka pé 90 ọdún, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, wọ́n sì ṣí i padà ní October 1, 2025. Ẹ wo ètò wọn ṣáájú, torí ọjọ́ tí nǹkan bá ń lọ níbẹ̀ lẹ máa ráyè wọ inú gbọ̀ngàn. Tí ẹ bá wọlé, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rántí bí ọwọ́ ṣe dún ní kàtídírà. Àga rírọ̀ àti ìbòjú aṣọ ń mu ohùn, ìyẹn sì dára fún eré àti ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ òṣèré. Dùùrù ní tirẹ̀ fẹ́ ilé tó ń dá ohùn padà.

Bí ẹ bá ń kó àwọn ọmọ lọ

Àgbàlagbà kan fún ọmọ márùn-ún, má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ló máa mú káàdì Cowry àwọn ọmọ tirẹ̀ dání. Bí a bá fún ọmọ, ó lè sọ nù kí a tó dé Orílé. Ẹ bu oúnjẹ sínú kúlà, nítorí ìsìn lè pẹ́, ebi kì í sì jẹ́ kí ọmọ gbọ́ orin. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí. Kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kàtídírà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, lórí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì yín, kí alága kọ́áyà fọwọ́ sí i: ẹ sọ iye ọmọ, ọjọ́ orí wọn, ìsìn tí ẹ fẹ́ wá, àti pé ẹ fẹ́ rí dùùrù lẹ́yìn ìsìn. Nọ́ńbà ẹni kan tí wọ́n lè pè ni kó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ti ẹni mẹ́rin.